Agolo Ọ̀dà Ọsàn Tí N Kò Ṣí

Ẹ jókòó dáadáa. Àbẹ̀kẹ́, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára agolo yẹn, má ta á nípàá. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ni agolo ọ̀dà ń wá lábẹ́ ibùsùn àgbàlagbà tí kò kun ilé, tí kò sì ní ọkọ̀ tí yóò kùn mọ́. Ẹrù mi ni, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dá yín lóhùn, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Lónìí n óò sọ ọ́. Bí mo bá lọ láìsọ ọ́, ẹni tí yóò palẹ̀ iyàrá yìí mọ́ yóò jù ú sí ààtàn, kò sì ní mọ ohun tí ó jù nù. Mo mọ̀ pé òmíràn nínú yín ń gbọ́ Yorùbá ju bí ó ti ń sọ ọ́ lọ. N óò rọra sọ̀rọ̀. Bí ibì kan bá ṣú yín lójú, ẹ bi mí ní Twi tàbí ní Ga. Yorùbá ni n óò fi dáhùn.

Ọ̀dà ọsàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé òfin ìlú Accra ni pé ọkọ̀ tí yóò bá máa ṣe takisí gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ọsàn ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí irin tí ó bo táyà, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ara ọkọ̀ lè funfun, ó lè pupa, ó lè rí bí eérú. Kò kan ẹnikẹ́ni. Igun mẹ́rin yẹn ni ẹ̀rí. Òfin náà ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ọkọ̀ tí ó gbé yín láàárín oṣù yìí, kí ẹ sọ iye tí ó ní ọsàn lára fún mi. Ọkọ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo ni fóònù ń pè wá fún yín, ẹ ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó wọlé, ẹ kò sì ní mọ orúkọ ẹni tí ó gbé yín. Ní ìgbà tiwa, ènìyàn á dúró ní òpin ọ̀nà gbọọrọ, á rí ọsàn méjì tí ń bọ̀ nínú ekuru, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ta dígí, ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú ìránṣọ. Nígbà tí ìjọba ìgbà náà ní kí àwọn àlejò máa lọ sí ìlú wọn, ó kó wa dání lọ, kò sì padà mọ́ títí ó fi kú. Èmi padà, nítorí pé Accra nìkan ni mo mọ̀ ní ilé. Mo kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìtàn nílé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Kotobabi. Lẹ́yìn náà ni ọdún burúkú dé, ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí iná ń jó oko lọ rẹrẹ, tí ènìyàn ń tò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí búrẹ́dì kan. Owó oṣù mi kì í gbé wa ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìyá yín àgbà lóyún nígbà náà. Mo rí i ní ọjọ́ kan tí ó ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí àwọn ará ilé má baà mọ̀ pé a kò se oúnjẹ. Ìró ṣíbí yẹn ni ó lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Mo ta àwọn ìwé mi, mo gba ìwé àṣẹ awakọ̀, mo sì lọ bẹ olówó ọkọ̀ kan.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ fún un kí ọkọ̀ náà tó di tèmi. Ọjọ́ tí ó di tèmi, mo ní kí wọ́n kọ SÙÚRÙ gàdàgbà sí gíláàsì ẹ̀yìn. Awakọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Àṣáńtì bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní, "O rí mi fún ọdún mẹ́rin lábẹ́ ọkùnrin yẹn, o ṣì ń bi mí?" Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo lò ní ayé mi. SÙÚRÙ ni mo kọ sí ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fèrè ọkọ̀ kan náà ni mo sì ń tú láti ara ọ̀kan dè mọ́ ara èkejì, nítorí pé àwọn ènìyàn ti mọ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọjà Kotobabi ni gáréèjì wa wà. Circle, oríta olóbìrí ńlá àárín ìlú, ni a ń ná. Ẹni tí ó bá ń lọ kò ní láti sọ̀rọ̀. Yóò na ìka kan sílẹ̀, yóò sì fi í ṣe òbìrí. Olórí gáréèjì, bàbá Ga kan tí ohùn rẹ̀ há, ni ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí gíláàsì iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti dé. Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ ìlà, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Àbí ìwọ kọ́ ni Alátà tí ó ń na àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́?"

"Èmi ni, bàbá."

"Tíṣà! Ìwọ ni o ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ojú pátákó tẹ́lẹ̀. Wá wo ẹni tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ lónìí!"

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Alátà ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Tíṣà ní gáréèjì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ìlà yẹn. A kì í tan ẹ́ńjìnnì láti sún síwájú. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá ti kún tí ó sì lọ, gbogbo àwa tí ó kù yóò sọ̀ kalẹ̀, a óò sì máa ti àwọn ọkọ̀ náà síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin mẹ́rin sí ọkọ̀ kan, nítorí pé epo tí a bá fi ń sún bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ tó oúnjẹ ọmọ kan. Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀: sálúbàtà tí ń fà lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹnì kan tí ń mí hẹ̀ẹ̀ bí ẹni gbé ọlọ, táyà tí ń rọra yí. Ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn yóò jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, a óò ti òun àti ọkọ̀ papọ̀. Ẹni tí kò bá ní owó oúnjẹ kì í sọ. Àwọn tí ń ta ayò dáámù lábẹ́ igi yóò kàn pè é pé kí ó wá bá àwọn jẹ wáákyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú ewé, tí ó ṣẹ́kù. A ń jà, a ń bú ara wa, a ń jí èrò ara wa gbé. Síbẹ̀, ọwọ́ gbogbo wa wà lẹ́yìn ọkọ̀ gbogbo wa.

Ìyá kan wà tí a ń pè ní Awo, orúkọ ọ̀wọ̀ tí àwọn Ga fi ń pe ìyá àgbà. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ìdájí, èmi ni mo ń gbé e lọ sí èbúté Tema, níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹja, tí n óò sì gbé òun àti agbọ̀n rẹ̀ padà. Ọdún mọ́kànlélógún ni a fi ṣe é. Kò sí ìwé, kò sí ìbúra. Mo ń dé, ó ń jáde. Iṣẹ́ tí ó ń gbé ilé mi ró nìyẹn, nítorí pé bí èrò Circle kò bá tilẹ̀ sí, Awo yóò lọ sí Tema. Rọ́bà nípọn ni mo tẹ́ sínú búùtù, eérú àti òrombó ni mo sì fi ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òórùn ẹja kò gbọ́ èdè òrombó. Ọkùnrin olókóòtù kan wọlé ní àárọ̀ kan, ó fi ìwé bo imú.

"Dẹ́rẹ́bà, kí ni ó kú sínú ọkọ̀ yìí?"

Mo ní, "Inú ọkọ̀ yìí kọ́ ni ó kú sí, ọ̀gá. Tema ni ó kú sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ọ̀nà ilé Awo tóóró, ọkọ̀ kò lè wọ ọ́. N óò dúró lójú títì, n óò fọn fèrè, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn. Kí èyí tí ó gùn náà tó tán, n óò ti gbọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwọn Ga ní oṣù kan lọ́dún tí ariwo kì í wáyé. Wọ́n ti gbin àgbàdo ọdún nígbà náà, wọ́n sì gbà pé ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kí ó tó lè hù. Ìlù kò gbọdọ̀ dún, àwọn ilé ìjọsìn náà ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ìjọba ìlú kò ka fèrè ọkọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ilé Awo jẹ́ ilé àwọn àgbààgbà. Wọ́n kà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Síbẹ̀, ní ọdún kejì wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oorun ṣì wà lójú mi, ọwọ́ mi ti fọn ọ́n kí n tó rántí. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí àpótí, ó bọ aṣọ kan sí èjìká.

"Alátà, ta ni o pè?"

"Awo ni mo pè, bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Àgbàdo náà gbọ́ ọ. Ó ti jí báyìí. Ìwọ ni yóò wá rẹ̀ ẹ́ tí yóò tún fi sùn?"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìgò jíìnì méjì ni wọ́n ní kí n fi ṣe ìtanràn. Awo ra ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọdún náà ni a ti ṣe àdéhùn pé ní oṣù ìdákẹ́jẹ́, òun ni yóò máa jáde wá sí oríta, sábẹ́ igi dóńgóyárò, yóò sì máa wo ọ̀nà fún ọsàn mi. N kò ní fọn fèrè, n kò ní ké sí i. Bí ó bá ti rí igun ọkọ̀, yóò wá bá mi. Nǹkan bí ogún ọdún, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Èéfín ààrò ni àwọn ènìyàn sọ pé ó ba ojú rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà ní kì í ṣe èéfín, pé àìsàn ni, inú ẹyin ojú ni ó wà. Èyíkéyìí tí ó jẹ́, ojú òsì kọ́kọ́ lọ. Ó fi iṣẹ́ Tema sílẹ̀, ó wá ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tí ó bá gbé e wá ilé. Ilé mi mọ ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀.

Àsìkò kan náà ni fóònù dé sí iṣẹ́ wa. Ní àkọ́kọ́ a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ tí kò ní ọsàn, tí wọ́n ń wo àwòrán ọ̀nà láti mọ ibi tí wọ́n bí wọn sí. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ni ó kù tí ń rẹ́rìn-ín. Mo lè jókòó ní gáréèjì láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ àtàrí, kí n rí èrò kan ṣoṣo. Ìlà kò sún, nítorí náà kò sí ẹni tí a ń bá ti ọkọ̀. Olórí gáréèjì kú, kò sí ẹni tí ó tún mú ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, àtíbàbà àwọn tí ń tún fóònù ṣe ni ẹ ó bá.

Bàbá yín, Adéwálé, tí gbogbo Kotobabi ń pè ní Kòfí, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Tema nígbà náà. Wọ́n ní kí ó máa lọ ilé, òun àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ lóyún. Orúnkún mi ti ń wú, n kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì pẹ́. Ó wá jókòó níwájú mi, níbi tí Àbẹ̀kẹ́ jókòó sí yìí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa gbé ọkọ̀ náà."

"Gbé e. Ta ni ó dì ọ́ lọ́wọ́ mú?"

"Wọn kò ní gbà á sórí fóònù pẹ̀lú ọ̀dà ọsàn. Ó gbọ́dọ̀ dà bí ọkọ̀ ilé."

"Kí gáréèjì wá rí mi bí i kí ni?"

"Bàbá, gáréèjì wo?"

Kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Ó rọra sọ ọ́ ni, ìyẹn sì ni ó dùn mí jù. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fín ọ̀dà. Ọdọọdún ni mo máa ń kun ọsàn tuntun lé ògbólógbòó kí n tó gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ọ̀dà náà sì ti ki débi pé bí ènìyàn bá fi ọwọ́ pa á, ó rí gbágungbàgun bí èèpo igi. Wọ́n fi irin họ ọ́. Ó ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ọsàn lórí ọsàn, títí irin fi yọ. Wọ́n họ SÙÚRÙ náà kúrò. Nígbà tí wọ́n fín funfun sí i tán, gbogbo rẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀, ó sì di ọkọ̀ ẹlòmíràn. Fèrè nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn.

N kò sọ fún Awo. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Mo ń lọ kí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, n kò sì sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Àwọn dókítà ti fún un ní ọjọ́ kan, ọjọ́bọ̀, tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan tí ó kù. Oṣù púpọ̀ ni ó fi dúró kí ó tó kàn án, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kí ọjọ́ náà má ṣe yẹ̀. Inú oṣù ìdákẹ́jẹ́ ni ó bọ́ sí. Èmi ni mo ṣèlérí pé n óò gbé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé rẹ̀, mo bá a tí ó ń fi ìka wá egungun nínú ẹja.

"Tíṣà nìyẹn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ọ̀kan ń wọ́ èkejì."

"Èmi ni, Awo. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ọkọ̀ dà?"

"Ó wà nílé. Orúnkún ni mo ń nà."

"Irọ́ ni. Epo ni o ń ṣọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà. Kòfí ni yóò wá, Awo, nítorí orúnkún yìí. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fọn fèrè."

"Kí ni yóò fọn ún fún? Gbogbo ayé ti di èéfín lójú mi, Tíṣà. Ojú ìwọ alára, n kò rí i. Ṣùgbọ́n ọsàn rẹ yẹn ṣì ń yọ nínú rẹ̀ bí ẹyín iná. N óò rí i."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, kò ju gbólóhùn kan lọ: a ti họ ọ́, funfun ni ọkọ̀ báyìí. Mo pa ẹnu dé. Mo sọ fún ara mi pé n óò ní kí Kòfí sọ̀ kalẹ̀ kí ó lọ wá a. Ó wé ẹja mẹ́ta fún mi nínú bébà, mo gbà á, mo dúpẹ́, mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tán. Orúnkún mi kò burú tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ náà. Mo lè bá wọn lọ kí n jókòó lẹ́yìn. N kò fẹ́ kí ó bi mí nípa ọkọ̀ ni. Bí mo sì ti ń kìlọ̀ fún Kòfí lórí ariwo, pé kò gbọdọ̀ fọn fèrè, kò gbọdọ̀ ké orúkọ ènìyàn ní oríta yẹn, mo gbàgbé ohun tí mo sọ fún ara mi. Mo sọ ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi láti nǹkan bí ogún ọdún: "Dúró ni. Yóò rí ọ."

Ó dúró. Ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ní Dansoman, lápá ibòmíràn nínú ìlú, ni Kòfí ti dàgbà nítorí ilé ìwé. Ó mọ ẹja Awo ju ojú rẹ̀ lọ. Oríta kún fún àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ àti àwọn tí ń ra ẹ̀kọ gbígbóná. Ó gbé ọkọ̀ funfun náà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó ń wo fóònù, nítorí pé nínú iṣẹ́ tiwọn, èrò ni ó ń wá ọkọ̀. Awo wà lábẹ́ igi, ó fi ọ̀pá ti ara, àpò ilé ìwòsàn wà lápá rẹ̀. Kò tó ogún ìṣísẹ̀ láàárín wọn. Kòfí dúró fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó rò pé ìyá náà ti bá ẹlòmíràn lọ. Fóònù dún pé ẹnì kan ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó lọ.

Awo dúró di ìgbà tí oòrùn mú. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń bi í pé, "Awo, ta ni ẹ ń retí?" Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ọkọ̀ mi ń bọ̀." Nígbà tí ó yá, ó wọ tírótírò, ọkọ̀ akérò, lẹ́yìn náà ó tún wọ òmíràn. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá, wọ́n ti mú ẹlòmíràn wọlé. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn, ọ̀sẹ̀ méje síwájú.

Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti mọ ohun gbogbo tí n óò sọ. Kí n tó jókòó, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ bàjẹ́, àbí? Mo mọ̀. Mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ Tíṣà bàjẹ́ ni. Tíṣà kò ní fi mí sílẹ̀."

Mo ní, "Ó bàjẹ́, Awo."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó mú un lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Àwọn dókítà yẹ ojú náà wò, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, pé kò sí ohun tí abẹ lè ṣe mọ́. N kò mọ̀ bóyá ọjọ́bọ̀ yẹn ìbá gbà á là. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Mo ti wò ó síwá, mo ti wò ó sẹ́yìn, bí olùkọ́ tí ń wá àṣìṣe nínú ìṣirò, ibì kan náà ni mo sì máa ń dé: gbólóhùn kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ọ̀sán, pẹ̀lú ẹja mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni ọdún Homowo dé, tí àwọn Ga fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ebi. Ìlù ti padà, ìbọn ń dún, àwọn àgbààgbà ń fọ́n kpokpoi, àgbàdo sísè tí wọ́n fi epo pò pẹ̀lú ẹja, sílẹ̀ fún àwọn òkú. Lọ́dọọdún èmi ni mo ń gbé Awo lọ sílé ẹbí rẹ̀ nínú ìlú àtijọ́ fún ọjọ́ náà. N kò lè sá mọ́. Mo gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Kòfí, mo wà á fúnra mi, orúnkún mi ń ké. Mo dúró lójú títì. Mo fọn ọ́n: ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn. Kí èyí tí ó gùn náà tó tán, mo gbọ́ ìlẹ̀kùn.

Ó wọ aṣọ pupa ọdún, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ó tọ ohùn fèrè náà wá tààrà, ó na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sí igun ọkọ̀, ní iwájú, lápá ọ̀tún. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ pa á lọ, ó fi pa á bọ̀, níbi tí ó ti mọ̀ pé ó máa ń rí gbágungbàgun. Ó ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó mọ́ o, Tíṣà. O họ ògbólógbòó kúrò. O tún ọsàn náà kùn fún ọdún?"

Ìlù ń dún níbi gbogbo. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Awo. Mo tún un kùn."

"Ó tàn dáadáa?"

"Ó tàn."

Ó wọlé. Mo gbé e lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ra agolo yìí. Mo rò pé bí mo bá kùn ún, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yóò di òtítọ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́ ní ọjọ́ kan. Kòfí bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ti mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá kùn ún, wọn yóò yọ wá kúrò lórí fóònù lónìí." Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ilé, ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kan ń sunkún wàrà. Ìwọ ni, Àbẹ̀kẹ́. Má wo ilẹ̀, ìwọ kọ́ ni o ṣe é. Oúnjẹ ìyá rẹ ni mo rò. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo ti agolo náà sábẹ́ ibùsùn, mo ní ó di ọ̀la.

Awo kú nígbà ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Títí ó fi kú, ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọkọ̀ Tíṣà ni ó mọ́ jù ní Kotobabi. Lẹ́yìn náà ni a ta ọkọ̀ náà, pẹ̀lú fèrè rẹ̀.

Ó yá, Àbẹ̀kẹ́, gbé e. Gbé e sókè, kò wúwo. Gbọ̀n ọ́n létí mi. Nígbà tí mo rà á, bí mo bá gbọ̀n ọ́n, ó máa ń mì gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀ bí omi inú àgbọn.

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan? Ó ti gbẹ mọ́ inú.

Dá a padà sí ibi tí o ti mú un.